J. C. R. Licklider àti Ẹ̀rọ Àjùmọ̀lò

Ìlú St. Louis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí Joseph Carl Robnett Licklider sí, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, ọdún 1915. Òun nìkan ṣoṣo ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ìjọ tí a kò ní láti ṣàlàyé fún ará Ògbómọ̀ṣọ́. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ní ọwọ́ iṣẹ́. A máa kan ọkọ̀ òfurufú kékeré, nígbà tí ó sì dàgbà díẹ̀, a máa tú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ palẹ̀, a sì tún tò ó padà.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni ó yàn láàyò. Ní ọdún 1942, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Rochester lórí bí etí ṣe ń gbọ́ ohùn. Ó ṣiṣẹ́ ní Harvard, ó sì ṣe olùkọ́ ní MIT. Bóyá ohun tí ó ṣe é ní àǹfààní jù lọ nìyí, pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ti wá bá ẹ̀rọ.

Ní ọdún 1957, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àkọsílẹ̀ bí òun ti ń lo àkókò iṣẹ́ òun. Ẹnu yà á. Nínú gbogbo 100 wákàtí tí ó ń pè ní wákàtí ìrònú, bí 85 ni ó ń bá ìwé wíwá, ìṣirò àti àwòrán yíyà lọ. Ó rò ó pé kọ̀ǹpútà lè gba iṣẹ́ wàhálà yìí ṣe, ó sì kọ èrò náà jáde ní ọdún 1960 nínú àròkọ kan tí ó lókìkí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ìgbà náà wọ́n bí ojú. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ yóò lu ihò sára páálí, yóò kó o fún àwọn olùtọ́jú ẹ̀rọ, yóò sì lọ jókòó de èsì, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kejì. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ó di kí a tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jùmọ̀ pín àsìkò ẹ̀rọ kan. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọ̀ta ayò kan ní Ọ̀yọ́, tí ó ń bá ọ̀pẹ mẹ́wàá ta ayò lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọ̀pẹ kìíní ṣì ń ka ọmọ ayò, ọ̀ta ti ta fún èkejì àti ẹ̀kẹta, ó sì ti yípo padà dé. Olúkúlùkù wọn rò pé òun nìkan ni ọ̀ta ń bá ta. Licklider kọ́ ni ó kọ́kọ́ dá àbá yìí. John McCarthy ti sọ ọ́, Fernando Corbató sì ti fi hàn ní MIT ní ọdún 1961 pé ó ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ ti Licklider ni pé ó rí owó sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ó dé ipò ní ARPA, iléeṣẹ́ ìwádìí kan lábẹ́ ẹ̀ka ìdáàbòbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ń fi owó ìjọba ran MIT àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn lọ́wọ́. Ní ọdún 1963, ó kọ ìwé sí wọn nípa bí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ èrò náà nù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, ọdún 1969, kọ̀ǹpútà méjì ní California bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti hù jáde.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà kékeré dé, tí olúkúlùkù ń ra tirẹ̀, tí ó sì dà bí ẹni pé àjùmọ̀lò ti parí. Ọ̀rọ̀ kò tíì yí padà nígbà tí Licklider kú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, ọdún 1990, ọdún kan náà tí a dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 2006, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ háyà fún aráyé. Àwọsánmà ni wọ́n ń pe irú ètò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ náà wà, nínú ilé ńláńlá. Nípa rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù rẹ̀ bọ́ sómi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè ṣí àròkọ tí ó ti fi pamọ́ síbẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn ní Ọ̀yọ́, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá já, tí iléeṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ náà lókè òkun kò sì tí ì ti ilẹ̀kùn.