Fágúnwà, Baba Àwọn Iwin: Ìdí Tí Mi Ò Fi Dìbò fún Smaug

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ níwájú ògiri yìí kí aago oúnjẹ tó lù, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rò.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ oníròyìn wa ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ohun tí a fẹ́ kọ, ó di àríyànjiyàn lórí drágónì. Ta ni ọ̀gá nínú gbogbo drágónì inú ìwé àti fíìmù? Àwọn kan ní Smaug ni, èyí tó ń sùn lórí òkìtì wúrà nínú The Hobbit. Àwọn ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní Toothless ni tàwọn, drágónì dúdú inú fíìmù ọdún 2010 yẹn tí ìrù rẹ̀ ò pé. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé ti inú Ìwé Ìfihàn wá, èyí tó ní orí méje. A ní kò bófin mu, ìyẹn kì í ṣe ìtàn àròsọ. Nígbà tó kàn mí, mo ní Òjòlá-Ìbínú. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ejò ìwé Yorùbá lásán nìyẹn. Ìbò kan ṣoṣo ló ní, èmi ni mo sì dì í.

Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì máa ń san owó ìtanràn. Bàbá mi àgbà, tí wọ́n ń ṣọdẹ ní ọ̀nà Ìgàngàn kí ojú wọn tó di bàìbàì, máa ń ní kí n ka Fágúnwà fún wọn lálẹ́. Lọ́sàn-án mò ń sanwó nítorí Yorùbá, lálẹ́ mò ń kà á lójú àtùpà. Nígbà tí mo wọ JSS1, mo sọ fún Bàbá pé mi ò kà á mọ́, pé ìwé ọmọdé ni. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní kí n dá ìwé náà padà sínú àpótí. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo ṣí àpótí náà.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Oròwọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ẹ wo orúkọ yẹn, kí ẹ tún wo orúkọ ìdílé rẹ̀: Orò wà nínú ọ̀kan, Ifá wà nínú èkejì. Àmọ́ Joshua Akíntúndé bàbá rẹ̀ àti Rachel Òṣunyọmí ìyá rẹ̀ di Kìrìsìtẹ́nì, òun náà sì di Daniel Ọlọ́runfẹ́mi. Tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ohun tó kọ ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílé Ifá, tí èkejì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìlú rẹ̀ tún ń jẹ́ Òkè-Igbó, ṣé iwin ò ní bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni?

Ó ka ìwé ní St. Luke's ní ìlú wọn, ó ṣe tíṣà díẹ̀ níbẹ̀, ó wá lọ sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ láti 1926 sí 1929. Nígbà tó jáde, wọn ò jẹ́ kó lọ. Láti 1930 títí di 1939, Ọ̀yọ́ níbí ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké.

Ní 1936, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn ṣètò ìdíje ìwé kíkọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni tíṣà yìí. Ó lè kọ ìtàn ọmọ tó ń gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, irú èyí tí àwọn olùdíje ilé ìwé wa máa ń kọ (ẹ má bínú). Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ló mú, Àkàrà-Ògùn, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́ paraku, ó sì rán an wọ igbó tí iwin kún bí eèrà. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé CMS gbé e jáde: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ dìbò fún Smaug tẹ́tí sí nìyí. Ọdún 1937 ni The Hobbit jáde. Nígbà tí Fágúnwà ń kọ tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì rí Smaug lórí àtẹ. Kò wo The Hobbit rárá. Òyìnbó kan ní Oxford àti tíṣà kan ní Ọ̀yọ́, àwọn méjèèjì jókòó ní àkókò kan náà, wọ́n ń kọ nípa ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lọ bá ohun ẹlẹ́rù jà. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi jẹ́ fíìmù, tí èkejì jẹ́ ẹ̀rín?

Ẹ wo Àgbákò. Irin ló fi ṣe fìlà, idẹ ló fi ṣe ẹ̀wù, ojú mẹ́rìndínlógún ló sì yí orí rẹ̀ ká. Ẹ ya irú rẹ̀ sórí pátákó ká wò ó! Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé nínú ìwé Fágúnwà, ìjà kì í bẹ̀rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Iwin á sọ ẹni tí òun jẹ́, ọdẹ á fún un lésì, ẹnu á kọ́kọ́ jà kí ọwọ́ tó jà. Lẹ́yìn náà ni ọdẹ méje para pọ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó. Ọ̀kan gbọ́ èdè ẹranko, ọ̀kan ní ìyẹ́ lára bí ẹyẹ. Bàbá máa ń ní Ìbàràpá Méje náà ni Fágúnwà ń bá wí, pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọdẹ tirẹ̀, ti Ìgbó-Ọrà ló sì gbọ́n jù. Mi ò jiyàn, ọmọ Ìgbó-Ọrà ni wá.

Òjòlá-Ìbínú tèmi wà nínú Igbó Olódùmarè, tó jáde ní 1949. Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn, ló ni ìtàn ibẹ̀. Fágúnwà ti lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó láti 1946 sí 1948 kí ìwé yìí tó jáde, igbó rẹ̀ ò sì dín kù rárá. Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní 1961.

Kí n má purọ́ o, ìwàásù rẹ̀ pọ̀. Tíṣà ò kúrò lára rẹ̀ títí. Bí ìjà bá ti ń gbóná, á dúró, á máa gba òǹkàwé nímọ̀ràn ní odindi ojú ewé. Nígbà tí mo ń kà á fún Bàbá, mo máa ń fo ibẹ̀, wọ́n á sì mọ̀, wọ́n á ní kí n padà.

Ó bá iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di aṣojú ilé ìtẹ̀wé Heinemann. Ìrìn àjò iṣẹ́ ló gbé e dé apá Bídà ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Etí odò ló wà níbi tó ti ń retí ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ló ti já sómi, tó sì kú. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Òkè-Igbó ni wọ́n gbé e padà sí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, síbẹ̀ ó ń bí mi nínú: ẹni tó mú ọdẹ la irú igbó bẹ́ẹ̀ já, odò lásán!

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1977, wọ́n fi Lángbòdó, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú rẹ̀, ṣojú Nàìjíríà níbi FESTAC ní Èkó.

Mo ti bẹ ààrẹ ẹgbẹ́ wa pé ká tún ìbò dì ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ó gbà, bí mo bá lè ka ojú ewé méjì sókè fún gbogbo ẹgbẹ́ kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Mò ń fi ilé kọ́ ọ. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn ìwé náà, àmọ́ inú rẹ̀ pé. Bàbá ò tilẹ̀ bi mí léèrè ìdí tí mo fi mú un jáde. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, kí n má sì fo ìwàásù. Lánàá, a dé ibi tí Àgbákò ti yọ.