Gary Kildall

Gary Arlen Kildall (19 oṣù Karùn-ún ọdún 1942 – 11 oṣù Keje ọdún 1994) jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó kọ CP/M, ọ̀kan nínú àwọn operating system àkọ́kọ́ tí ó gbilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kékeré. Operating system ni ètò tí ó ń darí iṣẹ́ gbogbo ohun tí ó wà lára kọ̀ǹpútà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Kildall sí ìlú Seattle, níbi tí ẹbí rẹ̀ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn atukọ̀ ojú omi. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Washington ní ọdún 1972. Ó sì ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ-ogun ojú omi ní Monterey, ìpínlẹ̀ California.

CP/M

Ní ọdún 1974, Kildall kọ CP/M fún kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Intel 8080. Òun àti aya rẹ̀, Dorothy McEwen, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Digital Research sílẹ̀ láti máa tà á. Ní àkókò náà, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan kò jọ ti èkejì, ètò tí a kọ fún ọ̀kan kì í sì í sábà ṣiṣẹ́ lórí òmíràn. Kildall ya apá tí ó kan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó sì pè é ní BIOS. Ẹni tí ó bá ṣe kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ju BIOS lọ láti tún kọ.

Iwájú àmì A> ni a ti ń tẹ àṣẹ. DIR ń to orúkọ àwọn fáìlì jáde, REN ń yí orúkọ padà, ERA sì ń pa fáìlì rẹ́. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ tí ó ń tún ṣe lójoojúmọ́ lè to àwọn àṣẹ rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí ó fi SUBMIT pè é, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn.

Ọ̀rọ̀ IBM

Ní ọdún 1980, àwọn aṣojú IBM wá bá Digital Research dúnàádúrà ní Pacific Grove, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò. Ọ̀rọ̀ tí ó tàn kálẹ̀ ni pé Kildall ń fi ọkọ̀ òfurufú ṣeré nígbà tí wọ́n dé. Lóòótọ́ ni ó wa ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó bá lọ.

Microsoft ni ó wá fún IBM ní operating system, èyí tí ó rà lọ́wọ́ Seattle Computer Products. Tim Paterson ni ó kọ ọ́, ó sì tẹ̀lé ìlànà CP/M. Nígbà tí Kildall fi ẹ̀hónú hàn, IBM gbà láti máa ta CP/M-86 pẹ̀lú. Àmọ́ dọ́là 240 ni wọ́n ń tà á, nígbà tí ti Microsoft jẹ́ dọ́là 40. Èyí tí owó rẹ̀ kéré ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rà.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Kildall wà lára àwọn atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n Computer Chronicles títí di ọdún 1990. Novell ra Digital Research ní ọdún 1991. Ó kú ní Monterey lẹ́yìn tí ó fi orí ṣèṣe, ó jẹ́ ẹni ọdún 52.

Ní ọdún 2014, àjọ IEEE fi àmì ìrántí sí ibi tí Digital Research ti ṣiṣẹ́ ní Pacific Grove. Títí di òní, lẹ́tà ni Windows ṣì fi ń dá díìsìkì mọ̀ bíi ti CP/M, àṣẹ DIR àti REN sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.