Àjàyí Crowther àti Ìmọ̀ Ilẹ̀ Ayé

Jọ́gíráfì ni ẹ̀kọ́ tí ń fi yé ni bí ilẹ̀ ayé ti rí: òkè àti odò rẹ̀, ìlú àti àwọn ènìyàn inú wọn, àti ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó ti sọnù rí ni ó mọ iyì ẹ̀kọ́ yìí jù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí.

Òṣoògùn ni a bí i sí. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a mú un lẹ́rú, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí ọ̀sà Èkó. Kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á láti wọ ọkọ̀. Kò mọ ibi tí a ń mú òun lọ, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì mú un dé Sàró, níbi tí ó ti kàwé.

Ọmọ tí ó bẹ̀rù omi yìí ni ó bá àwọn òyìnbó wọ Odò Ọya ní 1841. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1854 ó bá Dókítà Baikie gòkè Odò Bénúè nínú ọkọ̀ Pleiad. Wọ́n ń lo kuiníní lójoojúmọ́, òyìnbó kan kò sì kú. Ní ìlú tí wọ́n bá dé, Àjàyí a sọ̀kalẹ̀, a béèrè nípa èdè, ọba àti ọjà ibẹ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1880 ẹgbẹ́ ńlá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi aago wúrà ta á lọ́rẹ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Odò Ọya. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Nítorí náà, jọ́gíráfì kì í ṣe híhá orúkọ odò sórí lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀tà tí ó béèrè ìdí tí ilé iṣẹ́ fi pọ̀ ní Sàngó-Ọ̀tà, tí ó wo máàpù, tí ó sì rí i pé ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ni ó wà, nítòsí èbúté àti ọjà ńlá, ti ń tọ ipasẹ̀ Àjàyí.