Jagadish Bose: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ owó oṣù fún ọdún mẹ́ta nítorí ìyànjẹ

Bí wọ́n bá dárúkọ ẹni tó gbé rédíò dé ayé, Guglielmo Marconi, ọmọ Ítálì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ọmọ Íńdíà kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kéré nínú ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Sir Jagadish Chandra Bose ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 1858 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Bengal, ní apá ibi tó di orílẹ̀-èdè Bangladesh lónìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Dípò iléèwé òyìnbó, iléèwé tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni bàbá náà kọ́kọ́ fi í sí, níbi tó ti bá ọmọ apẹja jókòó pọ̀. Ìgbàgbọ́ bàbá náà ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tirẹ̀ kó tó gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1880, Bose wọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ dókítà. Àìsàn kò jẹ́ kó lè bá a lọ, ló bá gba Yunifásítì Cambridge lọ láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Nígbà tó padà délé ní ọdún 1885, ó di olùkọ́ ní Presidency College ní Calcutta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ máa san fún un kò tó èyí tí òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà, nítorí pé ọmọ Íńdíà ni. Bose kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe yẹ, àmọ́ kò fọwọ́ kan owó oṣù náà fún ọdún mẹ́ta gbáko, bẹ́ẹ̀ gbèsè wà lọ́rùn bàbá rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, àwọn aláṣẹ túúbá. Wọ́n san gbogbo owó náà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní iye tí òyìnbó ń gbà, ó sì fi san gbèsè bàbá rẹ̀.

Yàrá kótópó kan ló fi ṣe ibi ìwádìí, alágbẹ̀dẹ páànù ló sì ń bá a ṣe àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1895, ní gbọ̀ngàn ìlú Calcutta, ó fi ìgbì tí ojú kò rí, tí kò gba inú wáyà kankan, la ògiri kọjá. Ìgbì náà lu agogo, ó sì tún mú kí ẹ̀tù gbiná.

Ní ọdún 1899, ó ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ẹ̀rọ tó ń fi irin àti mẹ́kúrì gba ìgbì náà. Irú ẹ̀rọ oní-mẹ́kúrì bẹ́ẹ̀ ni Marconi lò ní ọdún 1901 nígbà tó gba ìró láti òdì kejì òkun Àtìláńtíìkì. Òkìkí Marconi kàn káàkiri ayé. Bose ní tirẹ̀ kò fẹ́ sọ ìmọ̀ di ọjà títà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ kó tó gba ìwé àṣẹ onímọ̀-ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1904, lórí ẹ̀rọ tó fi òkúta òjé ṣe. Ẹ̀rọ yìí wà lára àwọn aṣáájú irú èyí tó wà nínú rédíò àti tẹlifóònù òde òní.

Bose tún kọjú sí ewéko. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ewé patanmọ́ lóko mọ bó ṣe máa ń pa dé. Bose fi iná mànàmáná wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé ìròyìn ń sáré nínú igi bó ṣe ń sáré nínú iṣan ẹranko. Ó tún ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ ìdàgbàsókè ewéko di ńlá ní ìlọ́po 10,000, kí ojú lè rí i.

Àwọn àgbà onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù takò ó ní ọdún 1901, wọn kò sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ló bá kó ìwádìí rẹ̀ sínú ìwé fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ni àwọn onímọ̀ gbà títí dòní, àmọ́ wọ́n ti gbà pé iná mànàmáná ń gbé ìròyìn kiri nínú ewéko lóòótọ́.

Ní ọdún 1917, wọ́n fi í joyè Sir, ó sì dá ilé ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Calcutta. Ní ọdún 1920, Royal Society tó ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ rí gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́.

Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1937 ni Bose jáde láyé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé ẹni ọdún 79. Ilé ìwádìí tó dá sílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.