Davidson Abíọ́sẹ̀ Nicol àti Ìmọ̀ Ínsúlíìnì Inú Ara Ènìyàn

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1924 bọ́ sí. Ọjọ́ náà ni a bí Davidson Sylvester Hector Willoughby Nicol ní ilẹ̀ Sàró. Orúkọ Yorùbá tí ó ń jẹ́, Abíọ́sẹ̀, bá ọjọ́ ìbí rẹ̀ mu rẹ́gí, nítorí ọmọ tí a bí ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé irú orúkọ yìí wà láàrin àwọn Kírió. Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí a sì tẹ̀ dó sí Freetown àti agbègbè rẹ̀. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí ìkíni wọn tí kò yé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ kú.

Abioseh Nicol ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ jù, ìyẹn orúkọ tí ó fi ń kọ ewì àti ìtàn kúkúrú. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé oníṣègùn ni akọ̀wé náà, àti pé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan gbogbo ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra.

Ilé ìwé ní Nàìjíríà àti ní Sàró ni Nicol ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí ó tó lọ sí Prince of Wales School ní Freetown. Láti ibẹ̀ ó dé Christ's College ní Yunifásítì Cambridge, níbi tí ó ti gba oyè ìpele kìíní nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní London Hospital. Láti 1952 sí 1954 ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Nígbà tí ó padà sí Cambridge, Christ's College yàn án sí ipò fẹ́lò ní 1957. Kò tíì sí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ rí ní Cambridge.

Ínsúlíìnì ni ó gbájú mọ́ níbẹ̀. Họ́mónù ni ínsúlíìnì, ìyẹn oje tí ẹ̀yà ara kan ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ pa àṣẹ fún ẹ̀yà ara mìíràn. Ṣúgà tí ó wà nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kò ju nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan lọ, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù tàbí kéré jù. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ó jẹ ẹ̀bà tán, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ igi ní Ìtamàga ṣe àpẹẹrẹ. Ṣúgà láti inú oúnjẹ náà yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tí ó sùn gbọọrọ sẹ́yìn àpòlúkù yóò tú ínsúlíìnì jáde. Ínsúlíìnì yìí ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú iṣan àti ọ̀rá, òun náà ni yóò sì mú kí ẹ̀dọ̀ kó èyí tí ó kù pamọ́.

Bí ẹni kan náà bá wá dìde tí ó ń sáré lé ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìkòròdú, ètò yóò yí padà. Ínsúlíìnì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dínkù. Glúkágọ́ọ̀nù, tí ó máa ń ṣe òdì kejì iṣẹ́ ínsúlíìnì, yóò pọ̀ sí i. Adirẹnalíìnì yóò sì tú jáde láti ibi tí ó wà lórí kíndìnrín. Àwọn méjèèjì ni yóò mú kí ẹ̀dọ̀ tú ìpamọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣan tí ń ṣiṣẹ́. Iṣan bẹ́ẹ̀ sì lè gba ṣúgà láìdúró de ínsúlíìnì. Àǹfààní yìí kò sí fún aláìsàn tí ó fi abẹ́rẹ́ gba ínsúlíìnì, nítorí èyí tí ó ti wọ ara rẹ̀ kò ní dínkù nítorí pé ó ń sáré. Bí ó bá sáré púpọ̀ láìjẹun, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákú. Olùkọ́ eré ìdárayá tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀lẹ.

Kí ọdún 1922 tó dé, ikú ni àtọ̀gbẹ irú ti ọmọdé sábà máa ń yọrí sí. Ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ní Toronto. Inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ara àwọn aláìsàn kan sì ń bá a jà gẹ́gẹ́ bí àlejò. Frederick Sanger ní Cambridge ti ṣàwárí ètò ínsúlíìnì màlúù, iṣẹ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1958. Ṣùgbọ́n ti ènìyàn ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni Nicol àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, L. F. Smith, dáhùn nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1960. Ásíìdì amínò 51 ni ó so kọ́ra nínú ínsúlíìnì ènìyàn, lórí ẹ̀wọ̀n méjì, 21 lórí ọ̀kan, 30 lórí èkejì. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Mẹ́ta ni ti màlúù fi yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ti ẹlẹ́dẹ̀ fi ẹyọ kan péré yàtọ̀, ìyẹn èyí tí ó gbẹ̀yìn lórí ẹ̀wọ̀n tí ó gùn jù. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti ọmọ Ìkòròdú àti ọmọ Ọ̀yọ́ tí ìró kan péré yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan náà, síbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ìdí nìyí tí ínsúlíìnì ẹlẹ́dẹ̀ fi lè ṣiṣẹ́ lára ènìyàn. Nicol tún ṣe ìwádìí lórí bí ara ṣe ń tú ínsúlíìnì palẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìdajì èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń pòórá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì bá tí lè dínkù kíákíá fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré sísá.

Ọdún 1960 yìí kan náà ni Nicol di ọ̀gá àgbà Fourah Bay College. Ó ti padà sílé ṣáájú ìgbà náà láti ṣiṣẹ́ ìwádìí àrùn fún ìjọba Sàró. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà yìí kì í ṣe kékeré: 1827 ni a dá a sílẹ̀, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọdún 1961, ó sì nílò olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn kan lè wò ó pé òfò ni fún sáyẹ́ǹsì pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fi yàrá ìwádìí sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so èso. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó lè jókòó sórí àga náà ní Freetown nígbà náà kò tó ìka ọwọ́ kan, nígbà tí àwọn tí ó lè bá ìwádìí náà lọ ní Cambridge pọ̀. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Sierra Leone pẹ̀lú.

Kò jáwọ́ nínú ìwé kíkọ. Ó ti gba Ẹ̀bùn Margaret Wrong ní 1952. Àkójọ ìtàn rẹ̀, The Truly Married Woman, jáde ní 1965. Àjàyí àti Ayọ̀ ni orúkọ tọkọtaya inú ìtàn tí ó fún ìwé náà lórúkọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ ni wọ́n tó ṣègbéyàwó, ni ìyàwó bá kọ̀ láti máa jí po tíì fún ọkọ mọ́. Ẹ̀rín ni ìtàn náà ń pani, ṣùgbọ́n ojú oníṣègùn tí ó ń wo ohun kékeré ni a fi kọ ọ́.

Ní 1969 ó di aṣojú Sàró ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Láti 1972 sí 1982 ó darí UNITAR, ẹ̀ka tí ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwádìí ní àjọ náà. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà mú kí kòkòrò bakitéríà ṣe ínsúlíìnì ènìyàn ní 1978, àwọn ásíìdì 51 náà gan-an, bí wọ́n ṣe tò nínú ìwé 1960. Ní 1982, ọdún tí ó kúrò ní UNITAR, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa tà á fún àwọn aláìsàn. Cambridge ni Nicol kú sí ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí ó pé ẹni àádọ́rin ọdún.