Ẹni Tí Ó Yọ Ọ̀tá Rẹ̀ Nínú Omi
Ẹ̀yin ará, ẹ wo Werner Hartenstein, ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi U-156 ti Jámánì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ri ọkọ̀ ọ̀tá. Ní 12 September 1942, ó ri Laconia, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó gbọ́ igbe àwọn ìgbèkùn ará Ítálì, ọ̀rẹ́ Jámánì, nínú omi. Ó yọ wọ́n, ó sì yọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú. Ó na àsíá alágbélébùú pupa. Síbẹ̀, ní 16 September, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù lù ú, ó sì ní láti dá wọn padà sójú omi. Ní March 1943, ní ẹni ọdún 35, òun náà bá òkun lọ. Bí ẹ bá ti pa ẹnìkan lára, ẹ ha lè padà lọ gbà á?