Charlie Chaplin, ọmọ tálákà tó pa ayé lẹ́rìn-ín

Ní ọdún 1889 ni a bí Charlie Chaplin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní Charlot. Akọrin orí ìtàgé ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kò gbọ́ bùkátà ilé, àìsàn kò sì jẹ́ kí ìyá lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún 7 ni Charlie nígbà tí wọ́n wọ ilé tí a ń kó àwọn òtòṣì sí ní Lọ́ńdọ̀nù. A sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Láti kékeré ni ó ti ń ṣeré lórí ìtàgé. Ní ọdún 1910, ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Fred Karno lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1914, ó bọ́ sínú sinimá. Aláìnílé ni ó ń ṣe níbẹ̀: ṣòkòtò tó tóbi jù ú lọ, ẹ̀wù tó fún mọ́ ọn lára, bàtà ńlá, ọ̀pá lọ́wọ́.

Sinimá ìgbà náà kò ní ohùn. Ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni Charlie fi ń sọ̀rọ̀. Ó yé ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá. Nínú fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1921, aláìnílé yìí tọ́ ọmọ tí a gbé sọ nù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá mú ọmọ náà lọ, ó jà títí ó fi gbà á padà. Ìyà tí Charlie ti fojú rí ni ó fi pa ayé lẹ́rìn-ín, tí ó sì fi pa wọ́n lẹ́kún.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1977 ni ó kú, ní ilẹ̀ Suwísì.